Kòkòrò tó ń jẹ táǹkì onírin: èwo nínú àwọn àyẹ̀wò rẹ̀ ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ìgbà mẹ́ta ni wẹ́dà ti lẹ táǹkì Ìyá Oníbúrẹ́dì ní Ìsọ̀kùn, nílùú Iléṣà, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ibi tó bá lẹ̀ kì í jò mọ́ o, àmọ́ tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, omi á tún ti máa ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táǹkì tí kò tíì pé ọdún 5. Màmá ní ayédèrú irin ni wọ́n tà fún òun. Wẹ́dà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wolẹ̀. A fa omi táǹkì náà gbẹ, a ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn mọ́jú, mo wá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ inú rẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kókó ìpáàrà ló kún ara irin náà, ó rí wúruwùru bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi ọ̀bẹ ṣí ọ̀kan. Òde rẹ̀ pupa, ó ń rún bí èèpẹ̀ tó ti gbẹ. Inú rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bí òrí tí wọ́n fi èédú pò. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, irin ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí hóró ẹ̀wà kan lè jókòó sí.

"Màmá, irin yín kì í ṣe ayédèrú. Nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́."

"Kí ló ń jẹ irin, ọmọ mi? Eku?"

Ọ̀rọ̀ "eku" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ Màmá ò jìnnà sí òótọ́. Ohun ẹlẹ́mìí ló ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ní kànga ẹ̀rọ, àwọn oní-piọ́-wọ́tà, àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ti ń bi mí pé irú àyẹ̀wò wo ni kí àwọn ṣe, nítorí oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, olúkúlùkù ẹni tó ń tà á ló sì ń sọ pé tòun ló péye. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Àwọn ta ni ń jẹ irin?

Bakitéríà ni wọ́n, kòkòrò àìfojúrí. Oríṣi mẹ́ta ló kàn wá.

Àwọn tó burú jù ni àwọn tí mo ń pè ní ajẹ-sọ́fẹ́ètì. Desulfovibrio ni ìlúmọ̀ọ́ká inú wọn. Wọn kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Sọ́fẹ́ètì inú omi, èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú, ni wọ́n fi ń mí bí àwa ṣe ń fi ọ́síjìn mí, ohun tí wọ́n sì ń mí síta ni gáàsì tó ń rùn bí òbu ẹyin. Bí gáàsì yẹn bá pàdé irin, ó di ẹ̀tù dúdú, ìyẹn ohun dúdú tí mo rí nínú kókó ìpáàrà Màmá. Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló kọ́kọ́ ya irú kòkòrò yìí sọ́tọ̀ nílùú Delft lọ́dún 1895. Nígbà tó di 1934, ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ méjì, von Wolzogen Kühr àti van der Vlugt, ṣàlàyé bó ṣe ń bá àwọn páìpù irin tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ jẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe àrùn òde òní.

Àwọn kejì ni Gallionella àti àwọn ẹbí rẹ̀. Irin tó ti yòrò sínú omi ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ìpáàrà pupa. Àwọn ni wọ́n ń mú kí omi kànga yín mọ́ gaara nígbà tí ẹ fà á, kó tó di ìrọ̀lẹ́ kó ti pọ́n nínú báàkẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kẹta ni àwọn tó ń ṣe ohun yọ̀bọ̀tọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, àtàwọn tó ń pọ ásíìdì sábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, "ilá páìpù" la ń pe ohun yọ̀bọ̀tọ̀ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń fà lọ́wọ́.

Àwọn oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́. Àwọn ayálégbé òkè ń lo gbogbo afẹ́fẹ́ tán, àwọn ajẹ-sọ́fẹ́ètì tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ á wá ráyè jókòó nísàlẹ̀ lórí irin fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè wà nínú táǹkì tí ìdérí rẹ̀ kì í pa dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ìfiwéra tó ń bọ̀ yìí rọ̀ mọ́: ara irin ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé inú omi. Èyí tó já bọ́ sínú omi kàn jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ.

Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ìpáàrà ni ti kòkòrò. Omi tó kan, tó ní ásíìdì díẹ̀, pẹ̀lú ọ́síjìn nìkan tó láti ba irin jẹ́. Èmi kì í béèrè pé "ṣé kòkòrò wà níbẹ̀?" nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kànga tí wọn ò sí. Ohun tí mò ń béèrè ni pé "ṣé àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí?" Irin Ògún Ládìn tó wà láàfin Ọọ̀ni, èyí tó rí bí omi tó fẹ́ kán, ti pẹ́ ju gbogbo táǹkì wa lọ. Kò sí nínú omi adágún, ó sì wà síbẹ̀.

Àṣìṣe tèmi

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ẹdẹ ní Ifẹ̀, mo bu omi sínú ike, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fún mi ní bébà: kò sí kòkòrò nínú omi yìí. Mo fi bébà yẹn fọkàn olówó òtẹ́ẹ̀lì balẹ̀, a pààrọ̀ páìpù, a sì lọ. Kò pé ọdún kan tí páìpù tuntun fi lu.

Wọn ò purọ́ fún mi. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ni wọ́n wá, E. coli àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni àyẹ̀wò omi mímu máa ń wá. Ajẹ-sọ́fẹ́ètì kì í hù lórí oúnjẹ tí wọ́n fi ń wá E. coli. Èmi ni mi ò béèrè. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè: "Kòkòrò wo gan-an lẹ fẹ́ wá?" Tó bá ní "gbogbo kòkòrò," ẹ gbé omi yín kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó: ásíìdì ẹ̀kán kan

Ẹ ha kókó ìpáàrà kan, ẹ mú èyí tó dúdú nínú rẹ̀, ẹ fi sínú ìdérí ìgò. Ẹ kán ásíìdì haidirokilóríìkì tí wọ́n ti bomi là sí i, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Bí òórùn òbu ẹyin bá jáde, ẹ̀tù dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi imú gbọ́ ọ lè ra bébà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì ásítéètì rẹ. Ẹ fi omi tutù kan bébà náà, ẹ nà án sókè kókó náà láìfara kàn án, á dúdú fúnra rẹ̀.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o. Gáàsì yẹn ń pa èèyàn tó bá pọ̀ níbi tó há, ó sì máa ń pa imú débi tí ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá le jù. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣe é nínú táǹkì.

Èsì yìí ò dárúkọ kòkòrò kankan. Ó kàn ń sọ bóyá ó tọ́ kí ẹ tẹ̀síwájú. Bí ohun dúdú kò bá sí, tí òórùn kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ásíìdì inú omi ni ìṣòro yín, ẹ kọ́kọ́ wọn pH omi náà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó.

Márùn-ún ló wà, ẹ wò wọ́n pọ̀

| Àyẹ̀wò | Ohun tó ń sọ | Ìgbà tí èsì ń jáde | Ibi tó ti ń tanni jẹ | Owó |
|---|---|---|---|---|
| Ìgò atẹ̀léra | Oríṣi kòkòrò, iye rẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá | Ajẹ-sọ́fẹ́ètì: títí dé ọjọ́ 28 | Ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í hù nínú ìgò | Kò wọ́n |
| Ìgò olóbọ́ọ̀lù (BART) | Oríṣi kòkòrò, bó ṣe le tó | Nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 10 | Kò ka iye tààrà | Àárín |
| Ìmọ́lẹ̀ tanátaná (ATP) | Gbogbo ohun alààyè lápapọ̀ | Ìṣẹ́jú díẹ̀ | Kò mọ olè yàtọ̀ sí àlejò | Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n |
| DNA (qPCR) | Oríṣi àti iye | Ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìrìn àjò | Ó ń ka òkú mọ́ alààyè | Ó wọ́n |
| Irin ìdẹ | Irin mélòó ni ó ti jẹ | Oṣù 1 sí 3 | Kò sọ ẹni tó jẹ ẹ́ | Ó pọ́ọ́kú |

Ìgò méjì tó ń bára wọn du ọjà

Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ yín máa ná owó yín sí.

Ìgò atẹ̀léra jẹ́ ìgò kéékèèké tí wọ́n ti dí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà, tí oúnjẹ kòkòrò mílílítà 9 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi sírínjì fa omi àyẹ̀wò mílílítà 1 sínú ìgò kìíní, ẹ ó mì ín, ẹ ó fa mílílítà 1 nínú ìgò kìíní sínú ìkejì, ẹ ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìgò kẹfà. Sírínjì tuntun fún ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ má ahun. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ajẹ-sọ́fẹ́ètì, ìṣó kékeré sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Bí kòkòrò bá hù, ìṣó yẹn àti omi inú ìgò á dúdú kirikiri. Kíkà rẹ̀ kò le: bí ìgò kìíní nìkan ló dúdú, kòkòrò 1 sí 10 ló wà nínú mílílítà kan; bí ó bá dé ìkejì, 10 sí 100; bí ó bá dé ìkẹta, 100 sí 1,000. Ìgò ti àwọn tó ń pọ ásíìdì kì í dúdú ní tirẹ̀, pupa ló máa ń kúrò tí á di yẹ́lò.

Sùúrù ni kò fi í wu èèyàn. Òṣómàáló gidi ni ìgò yìí, ó máa lóṣòó síwájú yín títí tí á fi gba owó rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ní kí a fi dúró de ajẹ-sọ́fẹ́ètì kí a tó sọ pé kò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti pọ̀, kì í tó bẹ́ẹ̀ kó tó dúdú. Àǹfààní tiwa ni pé a ò nílò ẹ̀rọ amúgbóná tí wọ́n ń lò nílùú òtútù. Yàrá tí oòrùn kò ti ń wọlé ní Iléṣà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fún wọn.

Ohun méjì ló máa ń ba ìgò yìí jẹ́ lọ́wọ́ wa. Èkínní, ẹni tó bá ra ìgò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ epo rọ̀bì. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń bá epo jáde máa ń níyọ̀, wọ́n á sì da iyọ̀ sínú oúnjẹ ìgò náà kó lè bá omi yẹn mu. Kòkòrò inú kànga Ìjẹ̀ṣà, tí kò mọ iyọ̀ rí, á kú síbẹ̀, ẹ̀yin á sì máa dúpẹ́ pé ìgò kò dúdú. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé omi kànga ni, kì í ṣe omi oníyọ̀. Èkejì, bí omi yín bá ti ní gáàsì òbu ẹyin nínú tẹ́lẹ̀, ìgò kìíní lè dúdú kí ẹ tó délé. Èyí tó dúdú láàárín wákàtí díẹ̀ kì í ṣe èsì. Ẹ kọ àkókò sára ìgò.

Ìgò olóbọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ jẹ́ ti Kánádà, iléeṣẹ́ Droycon Bioconcepts ló ṣe é, láti ọwọ́ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Roy Cullimore. Ọkùnrin yìí kan náà ló lọ yẹ ìpáàrà ara ọkọ̀ ojú omi Titanic wò nísàlẹ̀ òkun. (Lára ìpáàrà ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti rí bakitéríà kan tí wọ́n sọ ní Halomonas titanicae lọ́dún 2010. Ẹni tó bá ń rò pé táǹkì òun le ju Titanic lọ, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.) Omi mílílítà 15 lẹ máa bù sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan á léfòó sókè, á dí afẹ́fẹ́, oúnjẹ á máa yòrò bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nípa báyìí, òkè ìgò ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ìsàlẹ̀ kò ní. Ẹ rí i pé ó fara jọ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: àwọn ayálégbé òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè hù pọ̀ nínú ìgò kan ṣoṣo.

Ojú lẹ fi ń kà á. Nínú èyí tó wà fún ajẹ-sọ́fẹ́ètì, dúdú lè bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ó lè yí bọ́ọ̀lù ká. Bó bá jẹ́ yíyí bọ́ọ̀lù ká ló ṣe, àwọn olómi yọ̀bọ̀tọ̀ ló gbé wọn mọ́ra lókè níbẹ̀. Èyí tó wà fún Gallionella àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní tirẹ̀ lè hó, ó lè ṣe òrùka àwọ̀ ilẹ̀ lókè, ó lè dà bí ẹ̀kọ tó dì. Ọjọ́ ló ṣe kókó. Bó bá dúdú ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ kó tó yí padà, ẹ lè sùn díẹ̀.

Èwo ni kí ẹ mú? Bó bá jẹ́ kànga kan ṣoṣo, tí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa tọ́jú rẹ̀, ìgò olóbọ́ọ̀lù ni mo yàn fún yín. Kò gba sírínjì mẹ́fà, ọmọ ilé-ìwé gíga tó bá ṣe jẹ́jẹ́ lè ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń lo oògùn tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá iye wọn ń dín kù láti oṣù dé oṣù, ìgò atẹ̀léra ló lè sọ fún yín pé ó ti kúrò ní 1,000, ó ti di 10.

Ìmọ́lẹ̀ tanátaná

Èròjà tó ń mú ìdí tanátaná tàn lóru ni wọ́n ń lò níbí. Gbogbo ohun alààyè ló ní ATP nínú ara, èròjà tó ń gbé agbára fún iṣẹ́ ara. Bí ẹ bá da èròjà tanátaná sí i, ìmọ́lẹ̀ á jáde, ẹ̀rọ kan tó tó fóònù ńlá á sì kà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó dùn-ún lò.

Àmọ́ kò mọ ta ni ta ni. Kòkòrò tó ń jẹ irin àti kòkòrò tí kò mọ nǹkan kan, bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ wọn. Kiloríìnì inú omi náà lè pa ìmọ́lẹ̀ náà kú kó dà bí ẹni pé omi mọ́. Mo rò pé ìlò rẹ̀ gan-an ni ti oní-piọ́-wọ́tà tàbí òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń fọ táǹkì déédéé. Ẹ ka ara irin kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ kà á lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tí ẹ sì ti ṣan kiloríìnì kúrò. Bí iye kejì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tàkọ́kọ́, ẹni tó fọ̀ ọ́ kàn fi omi ṣeré ni. Ẹni tó ní kànga kan péré kò nílò kó ra ẹ̀rọ yìí rárá.

DNA

PCR tí wọ́n fi ń wá kòrónà lọ́dún 2020 ni. Dípò àmì kòrónà, àmì tí wọ́n ń wá ni dsrA, ìyẹn apá kan lára DNA ajẹ-sọ́fẹ́ètì tó ní àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an. Ẹni tí kò bá ní àmì yẹn, kò lè fi sọ́fẹ́ètì mí. Nítorí náà kò ní dúró de kí kòkòrò kọ́kọ́ hù, ó sì ń rí àwọn tí kì í hù nínú ìgò láéláé, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó ń hù lọ.

Wàhálà rẹ̀ méjì. Bí ẹ bá da oògùn sí kànga lánàá tí gbogbo kòkòrò kú, òkú wọn ṣì wà níbẹ̀, DNA òkú ṣì ń fèsì. Èkejì ni ìrìn àjò: ó gba kí ẹ kó omi sínú yìnyín, kó sì tètè dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, OAU sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n lè wá kòkòrò irú èyí fún yín, kí ẹ tó ra yìnyín. Èmi kì í dárúkọ àyẹ̀wò DNA fún oníbàárà àyàfi bí ẹjọ́ bá wà ńlẹ̀, bíi kí ẹni tó ta páìpù ní òun ò jẹ̀bi, tàbí kí owó tí wọ́n fẹ́ ná lórí iṣẹ́ náà pọ̀ gan-an.

Irin ìdẹ

Ẹ gé irin pẹlẹbẹ irú èyí tí wọ́n fi ṣe táǹkì, ẹ dán an, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó péye, ẹ so ó kọ́ sínú omi fún ọjọ́ 90. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ ìpáàrà rẹ̀ kúrò, ẹ tún un wọ̀n. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ fi 87.6 sọ ìwọ̀n tó dín kù di púpọ̀, ní mílígíráàmù; ẹ wá fi 7.86 (ìwọ̀n cm³ irin kan, ní gíráàmù), fífẹ̀ ara irin náà ní cm², àti iye wákàtí pín in. Ká ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 cm², tó sì fi mílígíráàmù 500 dín láàárín wákàtí 2,160. Ohun tí ó jáde ni mílímítà 0.13 lọ́dún. Táǹkì tí irin rẹ̀ nípọn mílímítà 3 á lò tó ọdún 23.

Táǹkì Màmá kò lo ọdún 5. Ibi tí irin ìdẹ ti ń tanni nìyẹn. Ìṣirò yẹn ń pín ìbàjẹ́ kárí gbogbo ara irin, kòkòrò kì í sì í jẹun bẹ́ẹ̀. Ojú kan ló ń jókòó sí tí ó ń wa kòtò. Nítorí náà ẹ má kàn wọ̀n ọ́n, ẹ wo ojú irin náà dáadáa pẹ̀lú awò, ẹ wọn bí ihò tó jìn jù ṣe jìn tó. Bó bá jẹ́ ihò kéékèèké ló kún un, tí ìyókù ń dán, ẹ so èsì yẹn mọ́ ti ìgò.

Ibi tí ẹ ti bu omi ju orúkọ àyẹ̀wò lọ

Ara irin ni wọ́n ń gbé, mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bu omi nìkan lọ ń ka èrò tó wà ní gáréèjì, ó fẹ́ fi mọ iye èèyàn tó wà nílùú. Ẹ ha ara irin. Owú mímọ́ tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́, ọ̀bẹ tí ẹ ti fi iná yan tó sì ti tutù, ìyẹn ti tó. Ohun tí ẹ bá ha, ẹ pò ó mọ́ omi kànga náà díẹ̀, òun ni kí ẹ fi sínú ìgò, pẹ̀lú ìgò kejì fún omi lásán.

Bí páìpù kò bá ṣeé ṣí, ẹ dọ́gbọ́n. Ẹ má fa omi láti alẹ́. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, ẹ bu omi àkọ́kọ́: omi tó sùn mọ́ ara páìpù nìyẹn. Ẹ wá jẹ́ kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ bu ìkejì: omi inú kànga fúnra rẹ̀ nìyẹn. Bí àkọ́kọ́ bá dúdú kíákíá tí ìkejì sì pẹ́, inú páìpù tàbí táǹkì ni ilé wọn, ẹ fọ ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dúdú pọ̀, inú kànga ni wọ́n ti ń bọ̀. Àtifọ táǹkì nìkan kò ní jẹ́ nǹkan kan.

Ẹ kún ìke náà dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má bàa wà lókè. Ẹ má bù ú láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ da kiloríìnì.

Àwọn ará Iléṣà, ẹ tún wọn sọ́fẹ́ètì omi yín, ìyẹn ò gbówó lórí. Ilẹ̀ wúrà la wà. Níbi tí wúrà wà nínú òkúta, bíi ti Ìpèrìndó, pyrite wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òkúta kan tó ń dán tó máa ń tan àwọn awakùsà jẹ. Irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta yẹn. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di sọ́fẹ́ètì pẹ̀lú ásíìdì. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ní ìdí tó pọ̀ jù láti wò ó.

Ti Màmá

Mo fi ohun tí a ha lára táǹkì sínú ìgò olóbọ́ọ̀lù kan, mo fi omi lásán sínú èkejì, mo kọ ọjọ́ àti àkókò sára wọn. Mo so irin ìdẹ kan kọ́ sínú táǹkì tí wẹ́dà tún ṣe. Owó tí gbogbo rẹ̀ gbà kò tó owó tí Màmá ti san fún lílẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ìgò ohun tí a ha bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nísàlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ti omi lásán kò yí padà títí di ọjọ́ keje. Ká ní omi nìkan ni mo bù lọ ni, mi ò bá sọ fún wọn pé kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ hàn wọ́n ní Ìsọ̀kùn. Màmá gba èyí tó dúdú lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án sójú oòrùn, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wo wẹ́dà.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi, mo ti fẹ̀sùn èké kàn yín." Wọ́n dá ìgò padà fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yìí kúrò nítòsí ìyẹ̀fun mi."